Rírẹ ni, Kì í Ṣe Kíkùn: Èrò Kan Lórí Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àwòrán Wíwọ̀ Oòrùn Lójú Òkun

Nínú àwọn ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní àwòrán yíyà, àwòrán kan wà tí kì í wọ́n: oòrùn tí ó ń wọ̀ lójú òkun, tí ayàwòrán fi àwọ̀ tí ó pò mọ́ omi gbé kalẹ̀ sórí bébà funfun. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ni ní Ọ̀rà, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, yóò pàdé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó wà ní Èkó ṣe ń pàdé rẹ̀. Bí olùkọ́ náà bá fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ó wà níwájú àwọn ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kọ́ kí ó tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ omi. Kí ni yóò pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀? Ṣé "ìwọ̀-oòrùn" ni ohun tí wọ́n yà sínú rẹ̀? Àwọ̀ tí ó wà lójú ọ̀run ńkọ́, nígbà tí ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti fi yé e pé àwọ̀ mẹ́ta péré ni Yorùbá mọ̀? Ibi tí ọ̀rọ̀ sábà máa ń já sí ni pé yóò ka àkọlé Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà lábẹ́ àwòrán, yóò ní kí àwọn ọmọ tún un pè, ẹ̀kọ́ àwòrán ọjọ́ náà a sì di ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti eré. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé èdè ìyá ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni ìjọba kéde pé ìlànà náà ti di ohun ìfagilé, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ máa lò. Àwíjàre tí kì í tán lẹ́nu àwọn tí kò fẹ́ ẹ̀kọ́ lédè ìyá ni pé àwọn èdè wọ̀nyí kò ní ọ̀rọ̀ tí ó tó. Iṣẹ́ tí Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti dá wọn lóhùn ní ti sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ Bamgboṣe ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1984, dá wọn lóhùn ní ti èdè àti lítíréṣọ̀. Àwòrán yíyà kò sí lára ohun tí ìwé náà dá lé, bẹ́ẹ̀ ni láti ìgbà tí Aina Onabolu (1882–1963) ti ń jà fitafita pé kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ àwòrán sí àwọn ilé-ìwé Èkó, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ púpọ̀ nínú ohun tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ náà. Àyè tí ó ṣófo nìyí, àyè tí ó ṣófo kì í sì í pẹ́ kí èdè mìíràn tó gbà á.

"Ọ̀dà olómi" ni ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń sáré wá sí ẹnu atúmọ̀. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà: Gẹ̀ẹ́sì so omi pọ̀ mọ́ àwọ̀ nínú orúkọ tí ó fún un, atúmọ̀ náà sì tẹ̀ lé e ní ìṣísẹ̀ kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ohun tí ọ̀dà jẹ́? Ọ̀dà ni ohun tí àwọn akunlé ń rà nínú agolo. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ lára rẹ̀ ni pé kí ó bo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ògiri tí ó ti dọ̀tí má hàn mọ́. Ọ̀rọ̀ kejì, "olómi", tilẹ̀ tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọbẹ̀ olómi kì í ṣe ọbẹ̀ tí ènìyàn ń yin ẹni tí ó sè é sí, ẹni tí ó bá sì ra ọ̀dà olómi lọ́jà yóò dá a padà fún ẹni tí ó tà á, nítorí pé ó ti bomi là á. Ọmọ tí ó bá gbọ́ "ọ̀dà olómi" yóò ti gbà lọ́kàn, kí ó tó fọwọ́ kan bébà, pé iṣẹ́ tí kò dọ́ṣọ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́ òun. Àwọn kan ń wí pé "àwọ̀ olómi". Èyí sàn díẹ̀, nítorí pé ó ti yọ agolo ọ̀dà kúrò, ṣùgbọ́n omi tí ó ń dà sí ọbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀-ìperí tó lè tọ́, ó yẹ kí ẹni tí ń ṣẹ̀dá rẹ̀ mọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná ni wọ́n ń pò mọ́ oje igi ẹlẹ́gùn-ún kan, èyí tí ó ń hù ní ìhà àríwá Nàìjíríà pẹ̀lú, kí àwọ̀ náà lè lẹ̀ mọ́ bébà. Omi ni ó ń tan àwọ̀ yìí káàkiri ojú bébà. Nígbà tí omi bá fẹ́ lọ, àwọ̀ tín-ín-rín ni yóò ṣẹ́ kù. Àwọ̀ náà fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí ó ń lọ kan bébà funfun, tí ó sì tún ń gba inú àwọ̀ náà padà wá sí ojú ẹni tí ń wò ó. Ìdí nìyí tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fi ń tàn bí ẹni pé fìtílà wà lẹ́yìn rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ayàwòrán tí ó ń tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́ kì í ní ọ̀dà funfun lọ́wọ́. Bébà ni funfun rẹ̀. Ibi tí ó bá fẹ́ kí ó mọ́lẹ̀ jù lọ ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, láti orí àwọ̀ tí ó mọ́ ni yóò sì ti máa lọ sí èyí tí ó ṣú. Bí ó bá ṣi ọwọ́ mú, ó ṣòro láti rí funfun náà gbà padà. Turner, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (1775–1851), wà lára àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí dójú àmì. Nínú púpọ̀ àwòrán wíwọ̀ oòrùn tí wọ́n fi ọ̀nà yìí ṣe, oòrùn gan-an kì í ṣe ohun tí wọ́n kùn rárá. Bébà tí wọ́n dá sí ni.

Ẹni tí ó bá ka ìpínrọ̀ tí ó ṣáájú èyí fún ìyá aláró kan ní Òṣogbo tàbí ní Abẹ́òkúta, ìyá náà yóò béèrè pé kí ni ó jẹ́ tuntun níbẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Aṣọ funfun ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti aṣọ bọ ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan, yóò mú àwọ̀ tí ó mọ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní àyìnrín. Bí ó bá tún un tì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, yóò máa ṣú sí i títí yóò fi dà bí ẹtù. Kò sí aláró tí ń da funfun lé orí aṣọ. Ibi tí ó bá fẹ́ kí ó funfun ni yóò fi okùn dì, tàbí kí ó fi ẹ̀kọ láfún bò, kí aró má baà débẹ̀. Àwọn tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ náà sí ojú aṣọ fínnífínní. Aláró mọ̀ pẹ̀lú pé àwọ̀ tí ojú rí nígbà tí aṣọ ṣì tutù kọ́ ni yóò rí nígbà tí ó bá gbẹ: aṣọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ìkòkò a máa ní àwọ̀ ewé lára, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń sọ ọ́ di aró. Ẹni tí ń fi àwọ̀ àti omi yàwòrán ń kọ́ irú sùúrù kan náà, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ a máa ṣí díẹ̀ bí ó bá ti gbẹ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá ń lò fún gbogbo èyí ni "rẹ". Wọ́n ń rẹ aṣọ, wọ́n sì ń rẹ ẹ̀wà sínú omi. Omi ti wà nínú "rẹ" láti ilẹ̀. Kò sí ìdí láti tún máa so "olómi" mọ́ ọn nídìí. Àbá tí ó wà níhìn-ín ni pé kí wọ́n máa pe irú iṣẹ́ yìí ní "àwòrán rírẹ", kí ó dúró ní ìdojúkọ "àwòrán kíkùn", èyí tí ó yẹ fún àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà elépo ṣe. Láti ibẹ̀ ni ìyókù yóò ti máa ṣàn wá. Ohun tí ọmọ náà ń ṣe ni "rírẹ ẹ̀ẹ̀kínní", "rírẹ ẹ̀ẹ̀kejì", gẹ́gẹ́ bí aláró ṣe ń ka iye ìgbà tí aṣọ wọ ìkòkò. Bí ó bá fi àwọ̀ sórí bébà tí ó ṣì tutù, tí àwọ̀ kan ń wọ inú èkejì láìsí ààlà, "rírẹ sórí tútù" ni. Bí bébà bá ti gbẹ kí ó tó tún fọwọ́ kàn án, "rírẹ sórí gbígbẹ" ni. Funfun tí kò fọwọ́ kàn ni "ìdásí". Bí olùkọ́ bá wí fún ọmọ pé, "Dá oòrùn sí," ọmọ náà yóò mọ ohun tí yóò ṣe ju bí ó bá ka ojú-ìwé méjì lọ lórí rẹ̀.

Àwọn kan lè wí pé bébà kì í ṣe aṣọ, pé ẹnikẹ́ni kì í ti bébà bọ ìkòkò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé, Yorùbá kò wá ọ̀rọ̀ tuntun lọ sí ibì kankan. "Tẹ̀" tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n nà dé orí ìwé, kò sì sí ẹni tí ó ń bínú sí i lónìí. Àtakò tí ó lágbára jù èyí lọ ni ti ohùn. "Rẹ" tí ó jẹ́ ohùn àárín àti "rẹ̀" tí ó jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, bí òǹtẹ̀wé bá sì ṣi àmì sí i, àwòrán rírẹ yóò di àwòrán tí ó rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí kò bá fẹ́ fi àmì sórí ọ̀rọ̀, kò yẹ kí ó máa tẹ ìwé ẹ̀kọ́ ní èdè Yorùbá rárá.

Ohun tí ó wà nínú àwòrán ni ó kù. "Ìwọ̀-oòrùn" ti di orúkọ apá kan ayé tipẹ́tipẹ́. Ìdánwò tí ó bá wí pé kí ọmọ "ya ìwọ̀-oòrùn lójú òkun" ti pàṣẹ fún un pé kí ó ya apá ibì kan, èyí tí kò ṣeé ṣe. Ẹ̀yà-ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ níhìn-ín. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "ì-" ti mú kí ọ̀rọ̀ náà dúró fún ibi. Àpètúnpè ni ó ń mú kí ó dúró fún ìṣẹ̀lẹ̀. "Wíwọ̀ oòrùn" ni ó tọ́ fún ohun tí ojú ń rí. Ní òwúrọ̀ kò sí ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni Yorùbá pín sí i: oòrùn ń yọ, ṣùgbọ́n apá ibi tí ó ti ń yọ ń jẹ́ ìlà-oòrùn.

Òkun ńkọ́? Ọ̀rà jìnnà sí òkun ju 150 kìlómítà lọ ní ọ̀kánkán, àwọn kan a sì máa wí pé kí ni ọmọ ibẹ̀ fẹ́ fi àwòrán òkun ṣe. Wọ́n gbàgbé pé ọ̀kan lára àwọn ọnà àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí ó lókìkí jù lọ ń jẹ́ Olókun, àti pé ọwọ́ àwọn obìnrin ìlú tí kò sí létí òkun, bí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ni ó ti ń jáde. Igbó Olókun wà ní Ilé-Ifẹ̀, jìnnà sí omi iyọ̀, níbi tí àwọn ará àtijọ́ ti rọ ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì. Òkun ti wà nínú ọkàn ará òkè kí ó tó wà lójú rẹ̀. Èyí tí ó tilẹ̀ yẹ kí àwọn olùkọ́ fi kún ẹ̀kọ́ wọn ni pé àwòrán inú ìwé náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè rí nígbà gbogbo ní etíkun Èkó. Gúúsù ni etíkun Èkó kọjú sí. Ní oṣù kẹfà, ìhà àríwá díẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀ sí, orí ilẹ̀ ni ẹni tí ó dúró létíkun yóò sì ti rí i kẹ́yìn. Ní oṣù kejìlá, nígbà tí oòrùn bá ti fà sí gúúsù, ó ń wọ̀ lójú òkun. Ní Ayétòrò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí etíkun ti yí ojú sí agbede-méjì gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, ó ń wọ̀ lójú òkun ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún. Ẹ̀kọ́ ilẹ̀-ayé, ẹ̀kọ́ ìràwọ̀ àti ẹ̀kọ́ àwòrán ni wọ́n pàdé nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: wíwọ̀, oòrùn, òkun. Ẹni tí ó ń sọ pé àwòrán kò sí lára sáyẹ́ǹsì kò tíì wò ó dáradára. Pẹ̀lúpẹ̀lù, oòrùn ilẹ̀ wa a máa já lulẹ̀ bí òkúta ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ tí ènìyàn fi lè ríran a máa lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ogún ìṣẹ́jú àti díẹ̀ ni. Ìmọ̀ràn inú ìwé òkèèrè pé kí ayàwòrán fara balẹ̀ wo ojú ọ̀run kò wúlò fún ọmọ tí ilẹ̀ yóò ṣú mọ́ lọ́wọ́.

Ní ti àwọ̀, àsọtúnsọ ni pé dúdú, funfun àti pupa nìkan ni Yorùbá ní. Láti ìgbà tí ìwé Berlin àti Kay ti jáde ní ọdún 1969, tí wọ́n ka àwọ̀ mọ́kànlá tí wọ́n pè ní ìpìlẹ̀, tí wọ́n sì to àwọn èdè ní ìpele ìpele, ni àwọn ọmọ Yorùbá tí ó kàwé ti ń fi ojú ẹni tí ó kéré wo èdè wọn. Àbùkù inú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ni ó ń kà. Kò ka rúsúrúsú, kò ka fòò, kò ka láúláú. Kò ka pé ohun kan lè pọ́n bí ìyeyè, kí ó pọ́n bí epo, kí ó sì pọ́n bí osùn, àti pé olùsọ̀rọ̀ kì í ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Oòrùn tí ó ń wọ̀ ni ó ń gbè èdè Yorùbá lẹ́sẹ̀ níhìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ gé ojú ọ̀run sí mẹ́ta, kí ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, bí ẹni pé ààlà wà láàárín wọn. Yorùbá ń wí pé ojú ọ̀run ń pọ́n. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni, ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kan náà ni wọ́n sì ń lò fún èso tí ó ń gbó bọ̀, nítorí náà ó gbé ìyípadà náà lọ́wọ́ lódindi.

Ó sì bá ohun tí àwọn onímọ̀ físíìsì rí mu. Láti ọdún 1871 tí Lord Rayleigh ti ṣàlàyé rẹ̀ ni ó ti hàn pé afẹ́fẹ́ ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ kúrú, irú èyí tí ó ní àwọ̀ aró, ká ju èyí tí ìgbì rẹ̀ gùn lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá nípọn púpọ̀. Aró inú rẹ̀ ti fọ́n ká sójú ọ̀nà, pupa ni ó ń dé ọ̀dọ̀ wa. "Ìfọ́nká ìmọ́lẹ̀" tó fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní àkókò ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, bí eruku bá pọ̀ lójú ọ̀run, oòrùn lè ràn wínníwínní bí òṣùpá kí ó tó wọ̀, ọmọ Ọ̀rà sì ti rí èyí ju bí ó ti rí òkun lọ.

Kò sí ibi tí ó burú nínú "búlùú" àti "yẹ́lò". Ẹnu gbogbo ayé ni wọ́n wà, orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí àwọ̀ ni wọ́n sì jẹ́. Kí wọ́n máa jẹ́ orúkọ ohun tí wọ́n rà. Ṣùgbọ́n fún ohun tí ojú rí lójú òkun, àyìnrín wà, ẹtù wà, àwọ̀ sẹ̀gi náà wà, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ó ti ń gba inú àwọ̀ tí wọ́n rẹ.

Èyí tí ó tún ṣòro ni ìlà tí ó wà láàárín òkun àti ọ̀run. "Ibi tí ọ̀run ti pàdé ilẹ̀" ni àwọn atúmọ̀ ń kọ. Gbólóhùn ni, kì í ṣe orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilẹ̀ kankan nínú àwòrán tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Kí wọ́n yẹ "etí ojú-ọ̀run" wò. Aṣọ ní etí, òkun ní etí, ojú ọ̀run pẹ̀lú lè ní etí, ìbáà ṣe omi tàbí òkè ni ó parí sí. Ní agbègbè Ọ̀rà àti Òkè-Ìlà, orí òkè ni etí ojú-ọ̀run máa ń wà, ó sì rí págunpàgun. Ọmọ ibẹ̀ tí ó bá kọ́kọ́ rẹ ojú ọ̀run tí ó ń pọ́n lẹ́yìn òkè ìlú rẹ̀, tí ó dá oòrùn sí níbi tí ó yẹ, kò ní láti kọ́ ju ohun kan lọ nígbà tí ó bá kan àwòrán òkun: pé níbẹ̀, etí náà tẹ́ pẹrẹsẹ.